Áyọ́ọ̀nù Màmá Lórí Ìyẹ́ Bàálù

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa ní Ọ̀wọ̀, ìyá bàbá mi ló sì ni ín. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni, ó wúwo, igi tí wọ́n fi ṣe ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú nítorí òógùn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ní àyè tirẹ̀ lórí pèpéle, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí, ìbáà ṣe àlejò. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá bàbá mi ń ṣe. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, títí kan ìyá mi tó jẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, aṣọ funfun àwọn fadá, ṣòkòtò àwọn tíṣà, gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá lábẹ́ áyọ́ọ̀nù yẹn. Láràárọ̀, ìpè àdúrà láti àárín ìlú ló máa ń kọ́kọ́ dé etí wa, lẹ́yìn náà ìró abẹ̀bẹ̀ tí Màmá fi ń fẹ́ èédú, lẹ́yìn náà agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo sì rò pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣe àdéhùn ni. Mo tún rò pé gbogbo ilé ayé ló ń rùn bíi sítáàṣì. Ìgbà tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan nílé wọn ni mo tó mọ̀ pé ilé àwọn ẹlòmíràn ń rùn bí ọbẹ̀.

Màmá ní òfin mélòó kan tó máa ń sọ lójoojúmọ́ bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ lánàá. Wọ́n omi sí aṣọ kí o tó lọ̀ ọ́. Yí aṣọ sódì, má fi iná kan ojú rẹ̀. Bí o bá rí mi pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, fi ọ̀rọ̀ rẹ sẹ́nu. Ó ń sọ wọ́n bí a bá ń jẹun, ó ń sọ wọ́n bí ìyá mi bá ń gún iyán, tí ìyá mi á sì máa fi ìró ọmọ odó dá a lóhùn. Ó tiẹ̀ sọ èkejì fún fadá kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ó rí i pé àyà aṣọ rẹ̀ ń dán níbi tí kò yẹ kó ti máa dán. Fadá náà dúpẹ́. Títí di òní, n kì í lọ aṣọ kan láìyí i sódì. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ fún mi pé áyọ́ọ̀nù òde òní kì í ba aṣọ jẹ́ mọ́, mo sì máa ń sọ fún wọn pé mo ti gbọ́.

Bàbá mi, Sílífẹ́sítà, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ti ń yàwòrán gọ́tà, afárá àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ti kọjá lórí gọ́tà kan rí ní agbègbè wa, tí ẹ kò sì jìn sínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bàbá ló yà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, ó jábọ́ lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Nǹkan kan kò ṣe ọlọ́kadà. Nǹkan kan kò ṣe iṣu tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Bàbá nìkan ló kán. Atóeegun kan ní Idoani bá a tò ó, egungun sì jinná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀lé e kò lè pàdé mọ́. Wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò kan ara wọn. Wọ́n fún un láàyè níbi iṣẹ́ pé kó lọ sinmi. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí òjò bá ti dá, òun yóò wá wò ó nílé. Bí ó bá lè di pẹ́ńsùlù mú, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá lè dì í mú, wọn yóò ní kó fẹ̀yìn tì. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Dípò kí Bàbá máa fi pẹ́ńsùlù dán ọwọ́ rẹ̀ wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan bàálù. Bàálù ńlá tó ń kọjá lókè Ọ̀wọ̀ tí kì í dúró ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré, ó sì ní òun á ṣe èyí tí yóò dúró. Inú igi ọ̀gọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ ló gé, nínú irà kan lọ́nà Ute. Ó fi réésà là á wẹ́wẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù so ó pọ̀, títí tí ìyẹ́ méjì fi jáde, tí egungun wọn sì hàn bíi ti ẹja tí wọ́n ti jẹ tán. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ni wọn yóò fi jù ú, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e. Iṣẹ́ yìí gba oṣù mẹ́ta, ọwọ́ òsì ló sì fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní ìlú Òyìnbó wá fi ọ̀rá pupa kan ránṣẹ́, tí wọ́n ká bí ẹní. Ọ̀rá náà ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ọ̀rá mìíràn tó fẹ́lẹ́ ló sì bo gọ́ọ̀mù náà. A ó bó èyí tó fẹ́lẹ́ kúrò, a ó tẹ́ gọ́ọ̀mù lé orí igi, a ó wá fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí ojú rẹ̀. Iná á jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ igi, á sì jẹ́ kó súnkì, kó le, kó má hunjọ rárá. Bàbá kó gbogbo wa jọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ran òun lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ tó bá lè lọ ọ̀rá yìí kó dán, ọwọ́ náà á di pẹ́ńsùlù mú. Ìyá mi ní ó kúkú sàn ju kó máa wo ògiri lọ.

Ó lọ bá Màmá pé kó yá òun ní áyọ́ọ̀nù.

"Aṣọ wo lo fẹ́ lọ̀?" Màmá bi í.

"Aṣọ kọ́, Màmá. Bàálù ni."

Màmá rò ó díẹ̀. "Ṣé ó ti gbẹ?"

"Màmá, bàálù ni mo ní."

"Mo gbọ́. Mo ní ṣé ó ti gbẹ?"

Bàbá ní ó ti gbẹ. Màmá fún un ní áyọ́ọ̀nù, ó sì gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń wò ó. Ìyẹ́ ọ̀tún ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ọwọ́ kan fa ọ̀rá kó le, kí ọwọ́ kejì máa ti áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n Bàbá ti pinnu pé ọwọ́ ọ̀tún ni yóò gbé áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ náà kò sì bá a ṣe ìpinnu yẹn. Áyọ́ọ̀nù ń tẹ̀ síhìn-ín, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún. Níbi tó bá ti dúró pẹ́, ọ̀rá á lu. Níbi tí kò bá dé, ọ̀rá á hunjọ. Màmá pòṣé lẹ́ẹ̀kan. Ó pòṣé lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ọbẹ̀," bẹ́ẹ̀ kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná. Nígbà tó parí, ìyẹ́ ọ̀tún rí bí aṣọ tí ẹnìkan fi sùn. Bàbá wò ó pẹ́. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n sá kòkó sí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó náà, kòkó tí a ti tú láàárọ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. N kò tíì rí àgbàlagbà tó ń ṣe iṣẹ́ tí a ti ṣe tán rí.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí Idoani kí atóeegun tún bá a wo ọwọ́ náà. Kò tíì rin jìnnà tí Màmá fi pè mí. "Fúnmi, ọma mi, gbé uṣẹ́ bàbá rẹ wá," ló wí ní èdè Ọ̀wọ̀. Mo rán an létí pé Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ràn án lọ́wọ́. Màmá ní òun kò ràn án lọ́wọ́, òun kàn fẹ́ lọ ohun tó yẹ kí wọ́n lọ̀ ni, àti pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó hunjọ báyẹn kò tíì ti inú ulé òun jáde rí. Mo gbé e wá. Kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn. Mo fẹ́ kí Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì rò pé bí ìyẹ́ òsì bá dán, gbogbo nǹkan á dán. A gé ọ̀rá tó tó ìyẹ́ òsì. Èmi ni mo sọ fún un pé a gbọ́dọ̀ bó ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí mo rí Bàbá tó bó o. Màmá yìn mí. Ó bó o. Ó wọ́n omi sí igi. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ẹni tó ti lọ aṣọ fún ogójì ọdún, ó yí ọ̀rá náà sódì kí iná má bàa kan ojú rẹ̀, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù lé orí gọ́ọ̀mù.

N kò lè sọ pé ariwo wà. Áyọ́ọ̀nù kàn dúró ni. Màmá tì í, kò lọ. Nígbà tó gbé e sókè, ọ̀rá gbéra pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹ́ bàálù náà sì fẹ́ tẹ̀lé wọn. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Òórùn rẹ̀ kò jọ òórùn ohunkóhun tí mo mọ̀. Mo di ìyẹ́ náà mú, Màmá fa áyọ́ọ̀nù, ọ̀rá fà gùn láàárín àwa méjèèjì kó tó já. Egungun kan nínú ìyẹ́ kán. Abẹ́ áyọ́ọ̀nù, tí Màmá máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù kó lè máa yọ̀, ti pupa, ó ti ń hó. Aṣọ fadá mẹ́rin wà nílẹ̀ tí wọn yóò wá gbà lọ́jọ́ Sátidé. Màmá jókòó sórí pèpéle, ní àyè áyọ́ọ̀nù gan-an, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Ó ní, "Mo ti ba uṣẹ́ ọma mi jẹ́." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, omi sì dà lójú rẹ̀. Èmi náà bú sẹ́kún, nítorí èmi ni mo ní ká bó ọ̀rá fẹ́lẹ́ náà.

Bàbá dé ní ọ̀sán. Ó rí ìyẹ́, ó rí áyọ́ọ̀nù, ó rí àwa méjèèjì. Màmá dìde dúró níwájú ọmọ rẹ̀ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

"Sílífẹ́sítà, èmi ni."

"Mo rí i, Màmá."

"Mo yí i sódì ni."

Bàbá tún wo ọ̀rá náà. Mo rí i tí ó yé e. Ó mú ìwé tó bá ọ̀rá náà wá láti ìlú Òyìnbó, ó kà á látòkè délẹ̀, ó ní, "Wọ́n kọ gbogbo nǹkan síbí. Wọn kò kọ ọ́ pé kí ẹ má yí i sódì. Wọn kò mọ̀ yín." Ó da èédú nù, ó dúró kí áyọ́ọ̀nù tutù díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà àti kẹrosíìnì nu abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń nù ún. Kò gbìyànjú láti lo ọwọ́ ọ̀tún, kò sì wo ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí àkísà kò mú un mọ́, ó ní kí n lọ já ewé èèpín wá, a fi ha á títí abẹ́ áyọ́ọ̀nù fi dán ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá fi ìka kàn án. "Ó tiẹ̀ yẹ kí a ti ṣe èyí tipẹ́," ló wí.

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù náà padà fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, ẹ ṣáná sí i. Ẹ̀yin lẹ máa lọ̀ ọ́. Èmi á fà á." A fi gọ́ọ̀mù so egungun tó kán, a sì nu omi orí igi gbẹ. Bàbá tẹ́ ọ̀rá tó kù lé ìyẹ́ òsì, ojú rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ òsì fa etí rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ ìdí ìyẹ́ mọ́ tábìlì. Màmá ní ojú òun kò lè wò ó, kí iná máa kan ojú nǹkan báyẹn, ó sì dijú gan-an nígbà tó kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Bàbá ń sọ fún un ibi tí yóò gbà: etí kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àárín, kó má dúró, kó má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá náà ká díẹ̀, ó fà, ó le. Gbogbo ohun tó hunjọ lórí rẹ̀ pòórá níwájú wa. Màmá lajú. Ó fi èékánná ta á, ó dún pọ́n-ún. "Ùn-ùn," ló wí, ohùn tó máa ń lò bí aṣọ fadá bá jáde dáadáa. Mo ń fẹ́ èédú, mo sì ń wo orí àwọn méjèèjì tó súnmọ́ra lórí tábìlì. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ èédú náà jù, wọ́n sì bá mi wí. Ọ̀rá kò tó ìrù mọ́. Láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ni a fi bo ìrù, ìdajì orúkọ búrẹ́dì náà sì wà níbẹ̀ kedere.

Ọ̀gá Bàbá dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ̀lú fáìlì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó mu omi, ó bi Màmá nípa ara, ó bi mí nípa ilé-ẹ̀kọ́. Bàálù náà wà lórí tábìlì pálọ̀, ìyẹ́ òsì ló kọjú sí i. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó yà á lẹ́nu.

"Sílífẹ́sítà, ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni mo kàn án, sà."

"Àti ọ̀rá yìí? Ta ló lọ̀ ọ́ tó dán tó báyìí?"

Màmá ti dáhùn kí Bàbá tó lanu. "Òun ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ náà ni. Ìṣojú mi ló ti ṣe é." Màmá yìí kan náà ti lu èmi nítorí pé mo ní ológbò ló jẹ ẹran tí mo jẹ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹni tó bá lè ṣe irú èyí, kí ni òun tún fẹ́ fi pẹ́ńsùlù dán wò lára rẹ̀, ó sì yọ báírò láti kọ ọ́ sínú fáìlì. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá bi mí, èmi náà á ní òun ni. Báírò ti kan ìwé.

"Ọ̀gá," Bàbá ní, "Màmá ló lọ ìyẹ́ òsì. Tèmi nìyí." Ó yí bàálù náà padà kí ìyẹ́ ọ̀tún lè kọjú sí i, ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú àpò, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ náà lórí tábìlì.

Ọ̀gá wo ìyẹ́, ó wo ọwọ́. Ó pa fáìlì dé láìkọ nǹkan kan. Ó ní, "O ò bá jẹ́ kí n kọ ọ́." Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, sà." Nígbà tó lọ tán, ìyá mi bi Bàbá pé kí ló dé. Ó ní, "Bí mo bá padà, gọ́tà ni wọn yóò ní kí n yà. Ọwọ́ yìí ni yóò yà á. Èèyàn ni yóò sì gba orí rẹ̀ kọjá." Inú bí Màmá, inú sì bí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Irọ́ tí mo ti pa nítorí ọma mi láyé yìí kò pé méjì, o sì fi ọ̀kan ṣòfò."

A mú bàálù náà fò lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá mi ti ń kọ́ni. Bàbá ní Màmá ni yóò jù ú. Màmá ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ju ugi, ó gbé e bí ẹni gbé aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó sì tì í síwájú. Ó fò. Kò lọ tààrà. Ìyẹ́ ọ̀tún ń fà á sẹ́yìn, ó ń yí sí ọ̀tún, ó yí títí ó fi kọrí padà sí ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Inú oko ẹ̀gẹ́ olùkọ́ àgbà ló bà sí. Bàbá rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti jábọ́, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ bàálù láti ìgbà náà, mo ti wọ díẹ̀ nínú wọn, n kò sì rí èyí tí mo tún fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìfẹ̀yìntì dé ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ààyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí Bàbá yóò buwọ́ lù. Màmá ń lọ aṣọ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì mú báírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà ń yọ̀ lọ, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fà á padà. Ó tún yọ̀. Ìyá mi sún síwájú, ó tún dúró. Èmi náà kò mira.

"Màmá," Bàbá ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó fi ìró nu ọwọ́ méjèèjì, ó wá sí tábìlì, ó tẹ etí ìwé náà lọ́tùn-ún àti lósì, ó fà á kó le, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí Bàbá fi kọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú Sílífẹ́sítà.